Ilé pákó ni wọ́n ń pè ní ilé ìtàn yìí? Ọ̀rọ̀ Oak Bluffs ní Martha's Vineyard

ÌBÉÈRÈ

Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń sọ̀rọ̀ ìrìnàjò níbí, ẹ dákun ẹ bá mi dá sí i. Àwọn ọ̀rẹ́ mi níbi iṣẹ́ ní Maryland níbí, aláwọ̀ dúdú ọmọ Amẹ́ríkà ni gbogbo wọn, ń lọ Martha's Vineyard, erékùṣù kan ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, lóṣù kẹjọ, wọ́n ní kí èmi náà dá owó ká jọ gba ilé ìtàn kan ní Oak Bluffs fún ọjọ́ mẹ́rin. Iye tí wọ́n pè, mo ní kí wọ́n tún un pè. Mo wá fi fọ́tò ilé náà han ọkọ mi, ó wò ó títí, ó ní "ilé pákó rèé o! Ilé pákó tá a sá fún l'Ékòó lo fẹ́ lọ fi dọ́là sùn nínú ẹ̀?" Látọjọ́ yẹn ló ti ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀. Ṣé ìtàn gidi wà nínú àwọn ilé àti òtẹ́ẹ̀lì yẹn ni, àbí orúkọ lásán ni wọ́n fi ń gbowó lọ́wọ́ èèyàn? Ẹ má sọ èyí tó wà nínú ìwé ìpolówó fún mi o, mo ti ka ìyẹn.

* * *

Ọkọ ẹ ò parọ́, àbúrò. Ilé pákó ni. Mo ti sun òru méjì nínú ọ̀kan lára wọn, nínú ọgbà tí wọ́n ń pè ní Campground láàárín ìlú Oak Bluffs, pákó kan ṣoṣo ló dá ògiri, kò sí ìkejì lẹ́yìn ẹ̀, kò sí fóòmù kankan láàárín, pákó tó o rí lóde yẹn náà lo máa fọwọ́ kàn nínú yàrá. Mo dùbúlẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì mò ń wo ẹnu ìṣó tó yọ látinú òrùlé, gbogbo ẹ̀ ti dípẹtà, wọ́n tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ bí eyín ẹja. Láàárọ̀, bàbá ilé kejì ń wá awò ojú ẹ̀, ìyàwó ẹ̀ ní orí ẹ̀ ló wà, mo bú sẹ́rìn-ín nínú yàrá mi, làwọn náà bá bú sẹ́rìn-ín lọ́dọ̀ wọn. A ò tíì ríra rí o.

Ibi tí ọkọ ẹ ti ṣì í ni pé ó rò pé ìṣẹ́ ló kọ́ ọ. Àdúrà ló kọ́ ọ. Lọ́dún 1835 àwọn Mẹ́tọ́díìsì wá sí abẹ́ igbó igi oak kan níbẹ̀, wọ́n pa àgọ́ mẹ́sàn-án, wọ́n wàásù, wọ́n kọrin, wọ́n sunkún ẹ̀ṣẹ̀, wọ́n sì lọ sílé. Àgọ́ ìjọ ni o, kì í ṣe ti ẹnì kọ̀ọ̀kan, wọ́n ta aṣọ ìkélé sáàárín, ọkùnrin lápá kan, obìnrin lápá kejì, kóríko gbígbẹ ni wọ́n ń sùn lé. Wesleyan Grove ni wọ́n pe ibẹ̀. Ọdọọdún ni wọ́n ń padà wá lóṣù kẹjọ, èrò ń pọ̀, àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í pa àgọ́ ìdílé tiwọn, wọ́n tẹ́ pákó sí ilẹ̀ àgọ́ kí ẹsẹ̀ má baà tutù, pákó gun ògiri lọ díẹ̀díẹ̀, nígbà tí ọdún 1880 fi máa pé, aṣọ ti kúrò nílẹ̀, ilé ló kù. Ẹni tó bá mọ Redemption Camp lójú títì Èkó sí Ìbàdàn ò nílò àlàyé lórí ìyẹn, àdúrà lèèyàn bá lọ, kó tó ṣẹ́jú ó ti ń wá káfíńtà.

Ibi tí mo fẹ́ kó o ṣí ojú ẹ sí nìyí. Ojú ibi tí àgọ́ wà gan-an ni wọ́n kọ́ ilé lé, wọn ò fẹ̀ ẹ́. Ìdí nìyẹn tí ilé yẹn fi tẹ́ẹ́rẹ́, tó gùn sókè, tí wọ́n fún ara wọn bí ọmọ tó sùn sórí ẹní kan. O lè na ọwọ́ látojú fèrèsé gba iyọ̀ lọ́wọ́ ará ilé kejì. Ilẹ̀kùn iwájú jẹ́ aláwẹ́ méjì, bí ẹnu àgọ́ ṣe máa ń ṣí sápá ọ̀tún àti sápá òsì gẹ́lẹ́ ló ṣe ń ṣí, fèrèsé sì ní ṣóńṣó lókè bíi ti ṣọ́ọ̀ṣì, bálíkónì kékeré kan wà lókè ilẹ̀kùn. Etí òrùlé ni wọ́n ti wá dárà, wọ́n fi ayùn tẹ́ẹ́rẹ́ gé pákó títí ó fi rí bí ẹnu léèsì, wọ́n kùn ún ní pupa rẹ́súrẹ́sú, ní àwọ̀ ewé, ní àwọ̀ ẹyin ẹyẹ. Irú ilé bẹ́ẹ̀ tó nǹkan bí 500 nígbà kan, ó lé ní 300 tó ṣì wà nílẹ̀. Láàárín gbogbo wọn ni Tabernacle wà, irin ni wọ́n fi ṣe é lọ́dún 1879, kò ní ògiri, atẹ́gùn òkun ń gba inú ẹ̀ kọjá, wọ́n ṣì ń ṣe ìsìn níbẹ̀. Lọ́dún 2005 ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà fi gbogbo ọgbà yẹn kún àwọn ibi ìtàn tí wọ́n kà sí pàtàkì jù lórílẹ̀-èdè wọn.

Torí náà tó bá tún pè é ní ilé pákó, sọ fún un pé àgọ́ tó di pákó ni.

* * *

Ẹnìkan ti bọ́ sórí ọ̀rọ̀ rírà, ó ní kí ni wọ́n ń gbà á háyà fún, ṣé èèyàn ò lè ra ọ̀kan ni. O lè rà á. Ilé ni wàá rà o, o ò ní ra ilẹ̀. Ilẹ̀ gbogbo ọgbà yẹn, ti Camp Meeting Association ni, ìyẹn ẹgbẹ́ tó ń bójú tó ọgbà àdúrà náà, ìṣákọ́lẹ̀ ni onílé ń san fún wọn, báńkì tó máa yá ẹ lówó lórí irú ilé bẹ́ẹ̀ kì í sì í pọ̀. O ò lè jí lọ́jọ́ kan kó o ní o fẹ́ yọ fèrèsé oníṣóńṣó kó o fi ti aluminium sí i, àfi kí ẹgbẹ́ fọwọ́ sí i. Lóṣù tí òtútù bá mú, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni wọ́n máa ń pa omi ẹ̀ tí wọ́n á tilẹ̀kùn, torí ilé tí kò ní ògiri méjì, kí lo fẹ́ fi mú un gbóná?

Ẹlòmíì dáhùn pé "ọmọ onílẹ̀ náà ni wọ́n." Rárá o. Ọmọ onílẹ̀ tèmi mọ̀, ilẹ̀ kan náà ló ń tà fún èèyàn mẹ́ta, á tún wá gba owó òrùlé. Àwọn wọ̀nyí kì í ta ilẹ̀ abẹ́ ilé, ohun tó sì jẹ́ kí ilé yẹn ṣì wà nílẹ̀ dòní nìyẹn. Ká ní wọ́n gé e ní púlọ́ọ̀tì púlọ́ọ̀tì fún olówó ni, kóńdò ni ìwọ ì bá lọ yà ní fọ́tò.

(Onílẹ̀ gidi o, àwọn Wampanoag, Noepe ni wọ́n ń pe erékùṣù yẹn kí òyìnbó tó dé. Wọ́n ṣì wà níbẹ̀, lápá Aquinnah. Mo kàn ní kí n sọ ọ́ ni, kí ọ̀rọ̀ onílẹ̀ tá à ń sọ lè pé.)

* * *

Òtẹ́ẹ̀lì ńkọ́? Ibí ni mo ti bá gbogbo yín ṣe àìgbọ́ra-ẹni-yé, ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbà pé òtẹ́ẹ̀lì tó bá ti pẹ́, yàrá ẹ̀ náà ti pẹ́.

Lọ́dún 1866, àwọn oníṣòwò kan rí i pé èrò tó ń wá gbàdúrà ń tẹsẹ̀ bọ òkun lọ́sàn-án, wọ́n dá Oak Bluffs Land and Wharf Company sílẹ̀, wọ́n gba ilẹ̀ tó wà láàárín ọgbà àdúrà àti òkun, wọ́n gé e tà, wọ́n ṣe pápá ìgbafẹ́. Ẹ̀rù ba àwọn Mẹ́tọ́díìsì, ayé ti fẹ́ wọlé tọ̀ wọ́n, ni wọ́n bá ri fẹ́ńsì onípákó tó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 7 yí ọgbà ká. Ẹ ò rí nǹkan! Wọ́n ń sá fún ayé, ayé kọ́lé sí ìtòsí wọn.

Lọ́dún 1872 ni kọ́ńpìnnì yẹn ṣí Sea View House sétí omi, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí ọkọ̀ ojú omi ń dúró sí, òtẹ́ẹ̀lì ńlá onípákó tó ga fíofío. Ọdún 1874 wọ́n tún gbé rélùwéè dé, ó ń gbé èrò látibẹ̀ lọ sí Edgartown, ìlú míì lórí erékùṣù náà. Sea View jóná lọ́dún 1892, rélùwéè kógbá sílé lọ́dún 1896. Fọ́tò ló kù. Torí náà ẹni tó bá sọ fún yín pé bàbá ìyá òun ní yàrá ní Sea View lè máa sọ òótọ́, àmọ́ ẹni tó bá ní òun máa gbà yín síbẹ̀ lóṣù kẹjọ, ẹ sá fún un.

Èyí tó ṣì wà ni Wesley House, tó dojú kọ èbúté, 1879 ni. Ẹni tó ń kọjá á rò pé John Wesley tó dá ìjọ Mẹ́tọ́díìsì sílẹ̀ ni wọ́n fi sọ ọ́. Irọ́ ni. Augustus Wesley tó ni òtẹ́ẹ̀lì ló fi orúkọ ara ẹ̀ sọ ọ́, ọ̀gbẹ́ni yìí náà ló sì dáná sun ún lọ́dún 1894 kó lè gba owó ìnṣọ́ránsì, wọ́n pa iná náà, wọ́n sì mú un lọ sẹ́wọ̀n. Mo fẹ́ràn ìtàn yìí gan-an, kò sí nínú ìwé ìpolówó tó o ní o ti kà. Òtẹ́ẹ̀lì yẹn ṣì ń gbàlejò, Summercamp lorúkọ ẹ̀ báyìí. Ní Edgartown, Harbor View wà tí wọ́n ṣí lọ́dún 1891, ó kọjú sí ilé iná atọ́nà ọkọ̀ ojú omi, àwọn tówó wà lọ́wọ́ wọn ni wọ́n ń sùn níbẹ̀.

Ohun tí mò ń bá yín jà lé lórí rèé. Tí òtẹ́ẹ̀lì bá kọ ọ́ sára bọ́ọ̀dù pé òun ti wà látọdún báyìí báyìí, ara ilé tó kọjú sí títì ni wọ́n ń sọ. Yàrá tí wọ́n máa fún ẹ ńkọ́? Mo ti sanwó yàrá ìtàn rí lọ́wọ́ ilé àlejò kan tí mi ò ní dárúkọ, wọ́n mú mi gba inú ilé àtijọ́ náà wọlé, mò ń wo àtẹ̀gùn onígi, mò ń fọwọ́ ra á, inú mi ń dùn, la bá gba ẹ̀yìn jáde, a ré kọjá ibi tí wọ́n ń da ilẹ̀ sí, a dé ilé kan tí kò tíì dàgbà tó ọmọ mi. Kápẹ́ẹ̀tì, tẹlifíṣọ̀n, fọ́tò ilé iwájú lára ògiri. Mo ní ṣé ìtàn rèé? Ọmọbìnrin tó mú mi wọlé ní inú ọgbà kan náà ṣá ni. Torí náà ẹ béèrè kẹ́ ẹ tó sanwó: ilé wo ni yàrá mi wà nínú ẹ̀, ṣé mo máa gun àtẹ̀gùn, torí ọ̀pọ̀ nínú wọn ò ní ẹ̀rọ agbéniròkè, ṣé ilé ìwẹ̀ wà nínú yàrá àbí èmi àti aládùúgbò la jọ ni ín, ṣé éésì wà àbí fáànù. Ìyá ẹnìkan nínú wa tí eékún ń dùn, àjà kẹta ni wọ́n gbé e sí.

* * *

Sí ẹni tó ní "ẹ fi ilé pákó sílẹ̀, ẹ lọ Newport": mo ti lọ. Orí erékùṣù lòun náà wà, ní ìpínlẹ̀ Rhode Island, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń lo sọ́mà, ìgbà ooru. The Breakers tí Cornelius Vanderbilt Kejì kọ́, tó parí lọ́dún 1895, ní yàrá 70, òkúta àti mábù, olówó yẹn àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ sì ń pè é ní "cottage," ìyẹn ilé kékeré! Ẹ san owó ìwọlé, ẹ gbé ẹ̀rọ sí etí, ẹ tẹ̀ lé okùn, ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan. Ó dára, mi ò ní ò dára. Àmọ́ lẹ́yìn wákàtí kan ojú mi ti kún. Kò sẹ́ni tó ń wá awò ojú ẹ̀ níbẹ̀.

* * *

Mo ti ka gbogbo ohun tẹ́ ẹ kọ látàná. Púpọ̀ nínú yín ń sọ nǹkan kan náà lọ́nà oríṣiríṣi, pé ìtàn òyìnbó ni, kò kàn wá, ká fi owó wa lọ sílé. Ó dáa. Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ìdí tí mo fi ní kí àbúrò yìí lọ, kì í ṣe torí Mẹ́tọ́díìsì.

Ọdún tí mo kọ́kọ́ dé Amẹ́ríkà, erékùṣù yẹn ni mo ti fi sọ́mà kan ṣiṣẹ́. Alágbàfọ̀ òtẹ́ẹ̀lì ni mí. Yàrá kan lẹ́yìn kíṣìnì, ẹ̀rọ ìfọṣọ mẹ́rin, ẹ̀rọ tó ń gbẹ aṣọ márùn-ún, kò sí fèrèsé tó ṣeé ṣí. Aṣọ bẹ́ẹ̀dì tó bá jáde, èèyàn méjì ló ń mú igun ẹ̀, ẹ fà á le, ẹ ṣẹ́ ẹ sí méjì, ẹ rìn pàdé ara yín bí ẹni tó fẹ́ jó, ó gba igun lọ́wọ́ ẹ, o tẹ̀ bá ìyókù nílẹ̀, ó yá, òmíràn. Bẹ́ẹ̀ látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Aṣọ ìnura ò yé pọ iyanrìn, a máa ń gbá a jọ lábẹ́ ẹ̀rọ bí ẹni tó fẹ́ kọ́lé. Àwa mẹ́fà la wà nínú yàrá kan, wọ́n sì ń yọ owó bẹ́ẹ̀dì nínú owó iṣẹ́ wa. Kì í ṣe àwa nìkan o, àwọn tó ń gbébẹ̀ gan-an, ọ̀pọ̀ wọn ló ń háyà ilé láti oṣù kẹsàn-án sí oṣù karùn-ún, tí sọ́mà bá dé, lándílọ́ọ̀dù á ní kí wọ́n kó jáde kí òun lè gba owó lọ́wọ́ àlejò, ni wọ́n á wá máa ti ibì kan bọ́ síbì kan. Ìlú tí ilé pọ̀ tó báyẹn!

Obìnrin ará Jàmáíkà tá a jọ ń ká aṣọ ló sọ fún mi lọ́jọ́ kan pé, "o ò mọ̀ pé alágbàfọ̀ bíi tiwa ló kọ́ òtẹ́ẹ̀lì lókè lọ́hùn-ún?" Mo rò pé ó ń ṣàwàdà ni. Ọjọ́ ìsinmi wa tó tẹ̀ lé e, ó mú mi lọ sápá Highlands, lórí òkè lódì kejì èbúté, ilé onípákó kan, gbọọrọ, fèrèsé púpọ̀, igi yí i ká. Shearer Cottage.

Wọ́n bí Charles Shearer sínú oko ẹrú ní Virginia lọ́dún 1854. Nígbà tí òmìnira dé, ó lọ sílé ìwé Hampton, ó wá dé Boston, ó di olórí àwọn tó ń gbé oúnjẹ fún oníbàárà ní òtẹ́ẹ̀lì ńlá. Òun àti ìyàwó ẹ̀ Henrietta ra ilé ní Highlands lọ́dún 1903. Henrietta wá dá iṣẹ́ alágbàfọ̀ sílẹ̀, ó gba àwọn obìnrin síṣẹ́, kẹ̀kẹ́ ẹṣin ló ń lọ kó aṣọ nílé àwọn olówó tó wá lo sọ́mà, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á lọ̀ ọ́, kẹ̀kẹ́ á tún kó o padà. Nígbà yẹn, àwọn òtẹ́ẹ̀lì tá à ń jiyàn lé lórí látẹ̀ẹ̀kan kì í gba aláwọ̀ dúdú láti sùn. Wọ́n lè fọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì, wọn ò gbọ́dọ̀ sùn lórí ẹ̀. Lọ́dún 1912, tọkọtaya yẹn kọ́ ilé oníyàrá 12, wọ́n ṣílẹ̀kùn.

Ẹ wo àwọn tó dé síbẹ̀: Harry T. Burleigh olórin, Madam C. J. Walker tó fi nǹkan ìtọ́jú irun di olówó, Paul Robeson àti Ethel Waters tí wọ́n jẹ́ olórin àti òṣèré, Adam Clayton Powell Àgbà tó jẹ́ pásítọ̀ ìjọ Abyssinian Baptist ní Harlem. Henrietta kú lọ́dún 1917, àwọn ọmọbìnrin ẹ̀ ló gba iṣẹ́ náà ṣe. Àwọn àlejò ilé yẹn náà bẹ̀rẹ̀ sí í ra ilé káàkiri, Powell ọmọ tó wọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ra tiẹ̀ ní Highlands níbẹ̀, ó wá di pé Oak Bluffs di ibi tí aláwọ̀ dúdú ń gbé ọmọ àti ọmọ ọmọ wá láti ìran dé ìran. Martin Luther King pàápàá máa ń dé sí ilé Joe Overton tó kọjú sí etíkun tí wọ́n ń pè ní Inkwell. Ìgò tádàwà nìyẹn! Àwọn kan ní òyìnbó ló fi orúkọ yẹn bú wọn, àwọn kan ní àwọn fúnra wọn ló fi ń ṣàwàdà, èyí ó wù kó jẹ́, wọ́n ti gbà á, ó ti di tiwọn. Àwùjọ kan tí wọ́n ń pè ní Polar Bears ti ń wọ omi níbẹ̀ láràárọ̀ sọ́mà láti 1946, wọ́n á dúró yí ká nínú omi, wọ́n á gbàdúrà, wọ́n á kọrin, wọ́n á fò sókè sódò. Mo wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan. Omi yẹn tutù, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni tàn yín.

Ẹni tó kọ ọ́ pé "ìtàn tiwọn ni, kì í ṣe tiwa," ìwọ yẹn, ní 1912 tó o bá gbé àpótí ẹ dé ẹnu òtẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ní kó o máa lọ, ṣé wọ́n á kọ́kọ́ béèrè bóyá Abẹ́òkúta lo ti wá àbí Virginia?

* * *

Ìjà ti bẹ́ sílẹ̀ lórí ilé tó jóná. Ẹ jẹ́ kí n là á. Ilé ńlá kan wà lójú pápá Ocean Park ní Oak Bluffs, Corbin-Norton House, ọdún 1891 ni wọ́n kọ́ ọ, ó jóná kanlẹ̀ lọ́dún 2001, onílé fi fọ́tò àti ìwọ̀n àtijọ́ tún un kọ́. Ẹnìkan ní kò sí ìtàn níbẹ̀ mọ́, pákó tuntun ni. Ẹlòmíì ní tó bá rí bó ṣe rí, òun náà ni.

Èrò tèmi ò tíì dúró sójú kan. Tí àjà ààfin bá wó nílé wa, ṣé a ò ní tún un ṣe, ṣé ẹnikẹ́ni á ní kì í ṣe ààfin mọ́? Àmọ́ mo dúró níwájú ilé Corbin yẹn, ó rẹwà, etí òrùlé ẹ̀ gún régé, mo ń wá ibi tí ọwọ́ káfíńtà ti yẹ̀, mi ò rí i. Nínú Campground, tó o bá wo iṣẹ́ ọnà etí òrùlé dáadáa, ewé kan á tóbi ju èkejì lọ, ibì kan á wà tí ayùn ti gba ibi tí kò yẹ, wọ́n sì fi ọ̀dà bò ó. Mo fẹ́ràn ìyẹn jù. Ẹ lè bú mi.

Ohun tí kò ṣeé jiyàn ni iná. Ilé onípákó 300 tó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa fara kanra, tí ọ̀kan bá gbiná níbẹ̀ lọ́jọ́ tí atẹ́gùn ń fẹ́... Ìdí nìyẹn tí wọn kì í fọwọ́ yẹpẹrẹ mú àbẹ́là, báàbékíù àti sìgá nínú ọgbà yẹn, ẹ má pè é ní ìgbéraga.

* * *

Àbúrò, mo rí i pó o ti padà wá. O ní ọkọ ẹ ti ń rọ̀, pé òun náà á bá yín lọ tí kíṣìnì bá wà tó lè ti ro àmàlà. Kíṣìnì wà. Ó há o, ẹni kan ló lè dúró níbẹ̀, ẹnì kejì á máa sọ̀rọ̀ látẹnu ọ̀nà.

Ẹ má gbé mọ́tò wọ erékùṣù. Fẹ́rì tó ń gbé mọ́tò láti Woods Hole, èbúté tó wà lódì kejì omi, àyè oṣù kẹjọ tètè máa ń kún, owó ẹ̀ sì wọ́n. Ẹ gbé mọ́tò sí páàkì lápá Falmouth, bọ́ọ̀sì á gbé yín dé etí omi, fẹ́rì á gbé yín kọjá láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú 45. Ẹ wò ó dáadáa kẹ́ ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì, òmíì ń lọ sí Vineyard Haven, òmíì sí Oak Bluffs, Oak Bluffs lẹ fẹ́. Bọ́ọ̀sì ń lọ káàkiri erékùṣù náà.

Tí ọjọ́ yín bá bọ́ sí ti Illumination Night, ẹ má sùn. Láti 1869 ni wọ́n ti ń ṣe é, alẹ́ kan ṣoṣo lóṣù kẹjọ. Wọ́n á kọ́kọ́ kọrin nínú Tabernacle, wọ́n á pa gbogbo iná, òkùnkùn á ṣú dùùù, wọ́n á tan àtùpà oníbébà kan, lẹ́yìn náà ni onílé kọ̀ọ̀kan á wá tan tiẹ̀ lójú bálíkónì. Àwọn ọmọdé á kígbe. Èmi náà kígbe.

Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá ráyè, ẹ wọ Cottage Museum nínú ọgbà yẹn, owó ìwọlé ẹ̀ ò tó nǹkan, ẹ gbé ọkọ ẹ dúró síbi tí ògiri wà, kó fọwọ́ kan pákó kó rí i pé òun náà ni lóde òun náà ni nínú. Flying Horses náà wà nítòsí, ẹṣin onígi tó ń yí po, 1876 ni wọ́n ṣe é, tó o bá já òrùka idẹ gbà bó ṣe ń yí, wàá tún gùn ún lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn àgbàlagbà ló ń jà sí i jù.

Ti Shearer, ilé ẹbí ni títí dòní, kì í ṣe ibi ìran, má lọ kanlẹ̀kùn pé o fẹ́ yà á ní fọ́tò. Àmì ìtàn wà níta, ka ìyẹn, kó o wo fèrèsé ẹ̀ látojú títì. Tó o bá fẹ́ sùn níbẹ̀, pè wọ́n kí sọ́mà tó dé, kì í ṣe lóṣù keje.

Àmàlà yẹn ò ní wàhálà. Gbẹ̀gìrì náà ò ní. Irú ni mò ń rò o, ní ilé tó jẹ́ pákó kan ṣoṣo ni ògiri ẹ̀, tó o bá ṣí i ní kíṣìnì, wọ́n á gbọ́ ọ nínú Tabernacle. Kí ọkọ ẹ gbé e sínú ike tó ní ìdérí.